Omi Kì í Gun Òkè Fúnra Rẹ̀

Bàbá Àlàó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Agbowó ló kọ́kọ́ wí i. Mo ń ti ibi lẹ́sìnnì bọ̀, àwọn ọmọ JAMB tí mò ń kọ́ ní físíìsì ti gba gbogbo ohùn lọ́fun mi, ni Bàbá bá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n kìlọ̀ fún Qonitah ọmọ mi kó yéé da omi sórí àtẹ̀gùn lọ́sàn-án, kí àgbàlagbà má baà yọ̀ ṣubú. Mo ní kí wọ́n má bínú, àmọ́ mò ń bi ara mi léèrè bí mo ṣe ń gòkè. Qonitah wo? Ọmọ tó jẹ́ pé ife tíì lásán, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e!

Òkè pátápátá là ń gbé. Kànga wà nísàlẹ̀, dúrọ́ọ̀mù wà lókè ní bákónì ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ti kọṣẹ́ kí n tó kó débẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe, ó ṣì ń bọ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi, Alhaja Zùwáírátù, ló ń pọnmi fún wa títí wọ́n fi kú. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jókòó, wọn ò gbà. Lọ́jọ́ kan mo ṣàlàyé fún wọn pé lójú físíìsì, ẹni tó ru omi rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú láti Agbowó dé Bódìjà, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan lórí omi yẹn. Àfi tó bá gbé e gòkè. Wọ́n wò mí sùn-ùn. "Mujeebat, ẹni tó kọ́ ẹ nìyẹn ò pọnmi rí."

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n kú. Láti ìgbà náà ni Qonitah ti ń rù. Ó ń jẹun o, ẹ̀bà tó ń jẹ tó ti ọkùnrin méjì, síbẹ̀ egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Tó bá di ọ̀sán báyìí, á sùn lọ bí ẹni tó ti oko dé. A lọ sí ilé ìwòsàn ní Ring Road, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò rí ibà, wọn ò rí táífọ́ọ̀dù. Àlùfáà kan láti Baṣọ̀run ṣàdúà sínú omi, ó mu ún. Ọmọ mi kan ṣoṣo ń tán lọ lójú mi, mi ò sì mọ ohun tó ń jẹ ẹ́.

Dúrọ́ọ̀mù wa náà ò gbẹ. Mo ti rò pé Qonitah ló ń bẹ àwọn ọmọ inú ilé kí wọ́n bá wa pọn ọ́n. Ọ̀rọ̀ Bàbá Àlàó ló la ojú mi, nítorí lọ́sàn-án, ilé ìwé ni gbogbo ọmọ ilé yẹn máa ń wà títí di ìrọ̀lẹ́, àfi Qonitah tí ara rẹ̀ ò yá.

Lọ́jọ́ kejì mi ò lọ sí lẹ́sìnnì. Qonitah ti sùn lórí ẹní ní pálọ̀, mo jókòó tì í. Bí wọ́n ṣe kírun Aláásárì tán ní mọ́sáláṣí ni mo gbọ́ ìró bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú kànga. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, ó dúró sinmi ní agbedeméjì, ó wúkọ́. Ta ni ò ní í mọ ikọ́ ìyá rẹ̀? Ẹsẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mi ò rí ẹnì kankan, àfi ilẹ̀ tó ń tutù níbi tó ń tẹ̀. Omi dà sínú dúrọ́ọ̀mù.

Kì í ṣe ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Qonitah ni. Bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń gòkè lọ́ọ̀kan lọ́ọ̀kan ni ọmọ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú oorun, òógùn bò ó, iṣan ọrùn rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ru ẹrù.

Ohun tí mò ń pariwo fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ ni pé agbára kì í dédé wà. Ibì kan ló ti ń wá. Omi ò lè gòkè kí nǹkan kan má jáde lára ẹnì kan, òkú kì í sì í jẹ ẹ̀bà.

Nígbà tó jí, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní òun lòún sọ fún ìyá àgbà létí sàréè pé kí wọ́n má sùn, kí wọ́n máa ràn wá lọ́wọ́. Kò burú, gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ fún òkú wa. A kàn kì í retí pé wọ́n á gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ ni.

"Mọ́mì, tí mo bá ti sùn, wọ́n á wà lára mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn."

Mo sunkún, àmọ́ ọpọlọ mi ò dúró. Mo rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tí òjò rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kún dúrọ́ọ̀mù wa, Qonitah ò sì sùn rárá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fọṣọ, ó tún bá mi jà lórí fóònù. Àṣé tí kò bá ti síṣẹ́ láti ṣe, kò sí ohun tí wọ́n máa gbà lára rẹ̀.

Láti ìdájí ọjọ́ kejì ni mo ti ń pọnmi. Dúrọ́ọ̀mù kún, kẹ́tùlù kún, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá kún. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun Aláásárì, ẹ̀yìn mi ti fẹ́ já, ọrùn mi ò ṣe é yí. Qonitah ti mọ̀ọ́mọ̀ lọ sùn kí ìyá àgbà lè wá.

Ẹsẹ̀ gòkè. Ìdérí dúrọ́ọ̀mù ṣí, ó padé. Ti ìkòkò ṣí. Ti kẹ́tùlù ṣí. Wọ́n ń wá èyí tí kò kún. Àánú wọn ṣe mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n da abọ́ omi kan nù fún wọn.

"Ìyá mi, iṣẹ́ ti tán. Ẹ lọ sinmi."

Kò sí ìdérí tó ṣí mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tútù kan bà lé mi lọ́rùn, níbi tó ń dùn mí gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rà á, bí wọ́n ti ń ṣe fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ara tù mí. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe tù mí tó. Mo di ojú mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ.

Lórí ẹní, ọmọ mi kérora. Ó tún ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo bọ́ ọrùn mi kúrò lábẹ́ ọwọ́ ìyá mi. Mo ní, "Ó tó, ẹ máa lọ," mi ò sì jẹ́ kí ohùn mi gbọ̀n. Ẹsẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀, Qonitah sì ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún pé ìyá rẹ̀ kú.