Ìbọn Kúkúrú Bàbá Yusrah

Àwa tí a dàgbà nílé mọ̀ pé ìbọn kúkúrú, adigunjalè ló ni ín. Làtíìfù ọkọ mi gan-an ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdẹ Ìsẹ́yìn ni, kò sì sí àlejò tó wọ ilé wa ní Peckham tí kò gbọ́ ìtàn ìbọn gígùn bàbá rẹ̀. Kí ló wá dé? Láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti fún un ní ìwé àṣẹ láti máa pa àgbọ̀nrín lóko ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kent, ìbọn kúkúrú nìkan ló ń wò lórí fóònù.

Mo fura. Ojú tí mo fi ń ṣọ́ àwọn tó ń jí irun attachment ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Rye Lane náà ni mo fi ń ṣọ́ ọkọ mi. Mo rí ìwé kan lábẹ́ tímùtìmù rẹ̀, tó kọ gígùn ọ̀pá ìbọn sí: ínṣì mẹ́rìnlélógún, ó fagi lé e, méjìlélógún, ó tún fagi lé e, ó wá fàlà yí méjìdínlógún ká. Kí ló fẹ́ fi pamọ́? Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí nígbà tí ọlọ́pàá wá wo àpótí irin tí ìbọn máa wà nínú rẹ̀, èmi ló bi pé ṣé nǹkan kan wà nípa ọkọ mi tó yẹ kí àwọn mọ̀. Mo ní kò sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìtajà ìbọn. Kò fẹ́, ṣùgbọ́n mo ti wọ bàtà.

Bethany tó ń tajà gbé ìbọn méjì kalẹ̀, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

"Bàbá Yusrah, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé short gun, ti robber ni?"

"Ìyá Yusrah, bush ló pọ̀ níbẹ̀. Tí barrel bá gùn, á máa kọ́ igi."

Bethany ní òótọ́ ni: eré ọta kàn máa dín díẹ̀ ni, àgbọ̀nrín tó wà ní ọgọ́rùn-ún yáàdì kò ní mọ ìyàtọ̀. Àlàyé náà dùn jù létí mi, ìfura mi kò lọ.

"Ẹ gbé èyí tó gùn, kí n rí i."

Làtíìfù wò mí, ó gbé e. Ẹnu ìbọn náà ń gbọ̀n. Ó yára gbé e sílẹ̀, ó ní ó wúwo. Ó gbé kúkúrú náà, tó fúyẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ìyẹn náà ń gbọ̀n. Bethany wolẹ̀.

Mo rántí tíì tí kì í bu kún kọ́ọ̀bù mọ́. Mo rántí ṣẹ́ẹ̀tì tó pa tì, tó ń wọ jalamíà lójoojúmọ́, tí mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di ààfáà. Bọ́tìnì ló ń sá fún.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí Ramadan tó dé."

"Ṣé ẹ ti rí doctor?"

"Tí GP bá mọ̀, ọlọ́pàá máa gba licence yẹn. Mo rò pé tó bá kúrú, tó fúyẹ́, ọwọ́ mi á gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n ṣe bíi bàbá mi."

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, n kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé.

"Bàbá Yusrah, kò sí èyí tó máa kúrú tó."

Òun fúnra rẹ̀ ló ti ìbọn náà padà sọ́dọ̀ Bethany.

Òtútù mú níta. Ó dúró níwájú mi, mo sì bá a de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ títí dé ọrùn. Ó ní tó bá di Monday, kí n bá òun pe doctor.