Dúróòmù Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Boniface

Irọ́ ni Boniface pa fún Àlíyù, wẹ́dà tó wà láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni Àlíyù. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún un pé dúróòmù ọtí lòun fẹ́ kó bá òun jó?

"Omi ìwẹ̀ ni mo fẹ́ máa fi sè," ni Boniface wí, ó sì gbójú sápá kan.

Àlíyù wo dúróòmù irin tó ń dán náà, ó wo àwọn ihò tí Boniface ní kó lu sí i. "Bàbá, omi ìwẹ̀ yìí á mà pọ̀ o! Ṣé gbogbo àdúgbò lẹ fẹ́ wẹ̀ fún ni?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó sì bá a jó o.

Ẹ má bú Boniface o, nítorí ìyàwó rẹ̀ ni. Agatha ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo tí ìyá rẹ̀ pọn títí ó fi kú, tí ìyá ìyá rẹ̀ náà pọn. Èéfín igi ló wá ba ẹ̀dọ̀fóró Agatha jẹ́. Á wúkọ́ títí ojú á fi pọ́n. Dókítà là á mọ́lẹ̀ fún un pé bó bá tún jókòó ti iná igi, kó má wá òun wá mọ́. Agatha pa iná. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ilé ti dákẹ́. Obìnrin tó máa ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo títì. "Kí ni mo tún wà fún?" ló bi Boniface lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni Boniface ń tún ṣe níléeṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ò kú. Ó ra irin tí iná ń mú gbóná, ó dè é mọ́ ìsàlẹ̀ dúróòmù, ó fi rọ́bà dí etí ihò. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tí yóò máa yí ọtí po kó má baà jóná nísàlẹ̀. Ó tún so èyí tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti tó. Ó wá fa wáyà tó nípọn wọlé. Dúróòmù jò, ó tú u. Ó tún jò, ó tún tú u. Agatha kàn ń wò ó ni.

"Bàbá Dùnsìn," ló wí níjọ́ kan, "ṣé ọtí lẹ fẹ́ fi èyí pọn, àbí ẹ fẹ́ fi gbé wa lọ sójú ọ̀run?"

Inú Boniface dùn dé ìdí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gbẹ̀yìn! Kò pẹ́ sígbà náà tó rí i pé Agatha ti rẹ àgbàdo, ó ti fi ewé bò ó kó lè hu.

Àgbàdo hu, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, Agatha lọ sí Máàsì, iná sì dé. Boniface ní kóun fi omi lásán dán dúróòmù wò. Omi hó! Kò jò, wáyà ò sì ta pàrà. Bàbá àgbà fò sókè bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti pa iná, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ayọ̀ ò jẹ́ o. Ó ní irú omi yìí ò gbọdọ̀ ṣòfò, òun á fi fọ ohun èlò ìyàwó òun kó tó dé. Ó bá wọ ilé ìdáná ẹ̀yìn. Kò wọ ibẹ̀ rí, torí nílé àwọn Agatha, ọkùnrin kì í débi tí wọ́n ti ń pọn ọtí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbé igbá fún un. Ó kó asẹ́, ó kó igbá. Ó rí orógùn kan tí wọ́n so kọ́ ara ògiri, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ti dúdú.

"Hà! Ìyá Dùnsìn! Ẹ̀gbin rèé!" Ó jù ú sínú omi tó ń hó. Ó fi kànìnkànìn ha á, ó tún bọ̀ ọ́, títí ó fi funfun.

Agatha dé, wọ́n po àgbàdo, wọ́n tanná. Kò sí èéfín. Agatha dúró ti dúróòmù náà títí ọtí fi jinná, kò sì wúkọ́ rárá. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ ti wá sọ ara yín di obìnrin ọlọ́tí! Ìyá mi á bá yín jà lọ́run." Ẹ̀rín ń pa á, ẹ̀rín ń pa ọkọ rẹ̀. Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kó tutù.

"Ẹ bá mi mú orógùn wá," ni Agatha wí.

Boniface gbé e fún un, ó ń retí ọpẹ́. Agatha yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sí imú.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni. Mo fi omi híhó bọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ yẹn..."

Agatha rọra jókòó sílẹ̀. "Òun ni ìwúkàrà tó ń mú ọtí yọ ìfófò, Bàbá Dùnsìn. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni ìyá mi fà á lé mi lọ́wọ́. A kì í fọ̀ ọ́. Bí a bá ti fi ro ọtí, a ó so ó kọ́ kó gbẹ, òun náà la ó fi jí ọtí tó ń bọ̀. Omi híhó ti pa á."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ? Ẹ kì í wọ ibẹ̀."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìrètí kan ṣoṣo ló kù. Jemimah, ìbátan Agatha tó wà ní Ìpele, ti gba ìwúkàrà lára orógùn náà nígbà kan. Boniface gun ọ̀kadà lọ lójú ẹsẹ̀. Jemimah bu omi fún un, ó kí i tilé-tọ̀nà, ó wá ní, "Ẹ ò gbọ́ ni? Mo ti bọ́ sí ìjọ mìíràn, a ò fọwọ́ kan ọtí mọ́. Mo ti fi orógùn tèmi dáná."

Nígbà tó ń bọ̀, ó yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, ó ra yíìsì. Agatha dà á sínú ọtí. Ó yọ ìfófò lóòótọ́. Nígbà tó tó mu, Agatha tọ́ ọ wò, ó gbé igbá kalẹ̀.

"Búrẹ́dì ni," ló wí. "Ẹ bá mi dà á nù."

Boniface dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyàwó rẹ̀. Ìbá tiẹ̀ bú u! Ìbá gbá a létí! "Ẹ dìde," ni Agatha wí. "Ẹ ò mọ̀." Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Dúróòmù ṣì wà níbẹ̀, kò sì jò. Bí iná bá ti dé, Boniface á pọnmi sí i, á sè é fún Agatha, torí ooru máa ń dẹ àyà rẹ̀ díẹ̀. Agatha á wẹ̀, á dúpẹ́, á padà sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, Àlíyù rí Boniface nítòsí ọjà. "Bàbá, dúróòmù yẹn ńkọ́? Ṣé omi ìwẹ̀ yín ń gbóná?"

"Ó ń gbóná," ni Boniface wí. Kò pa irọ́ lọ́tẹ̀ yìí.