Zóbò Tí Kò Ní Ṣúgà

Ẹ gbọn yìnyín kúrò lára bàtà yín, kí ẹ sún mọ́ mi níbí. Ẹni tó bá jìnnà, orin á fò ó.

Hàbíbàt, ọmọ ọmọ mi, ni wọ́n ní kó ka nǹkan níbi àpèjẹ gbogbo àwa tá a jọ ń gbé ilé gogoro wa ní Rexdale, ní Kánádà níbí, nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tó kàwé níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ariwo ṣíbí ló dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó. Ọmọ náà ní bí wọ́n bá ṣe òun bẹ́ẹ̀, òun ò ní sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn mọ́ láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mò ń se zóbò, ó ń ka tiẹ̀ sí mi létí, ó ń túmọ̀ Òyìnbó ẹ̀ fún mi. Ó ní láyé ìgbà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sóko ìrèké, àwọn kan ń kọ ìwé pélébé-pélébé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ti ṣẹrú rí náà kọ tiwọn. Wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń mu tíì, ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà nínú ṣúgà rẹ." Àwọn ìyàwó ilé kà á, wọ́n gbé ṣúgà kúrò lórí tábìlì. Ìwé ò gbé ìbọn o! Inú abọ́ ṣúgà ló gbà wọlé. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn yẹn náà ló ń yọ àwọn aṣòfin lẹ́nu pé kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ike ṣúgà wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi kọ̀, kò dà á. Mo dé e padà, orin bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ìgbà tí èèyàn pé, Alhaji Àbdùlgàfár, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ gbé ife. Ojú ẹ̀ fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi ẹ̀ dànù, ló bá kọjú sí mi.

"Ìyá Mojeed! Kí la fi ṣẹ̀ yín? Ṣé zóbò rèé àbí omi bátìrì?"

Ìyá Dárasími tó jókòó tì í ní, "Alhaji, ẹ mu ún jàre. Bóyá á wo ẹnu yín sàn."

Ẹ̀rín sọ. Hàbíbàt sáré wá bá mi, omijé ti lé sí i lójú. "Grandma! You forgot the sugar?"

"Mi ò gbàgbé. Ohun tó o kà fún mi ni ò jẹ́ n dà á sí i."

Ó nu omijé nù, ló bá rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí wọn. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin Uncle àti Auntie. Mo mọ ibi tí ṣúgà yín lọ."

Wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n kọjú sí i. Ta ni ò ní fẹ́ mọ̀? Ó ń kà, wọ́n ń gbọ́. Níbi tí ohùn ẹ̀ ti gbọ̀n, mo lé orin, wọ́n gbè é:

Ta ló gbin ìrèké? *Ẹrú ni!*
Ta ló gé e lóòrùn? *Ẹrú ni!*
Ta ló wá ń lá a? *Olówó ni!*
Gbé e kúrò níwájú mi o! *Ó korò!*

Ó parí, Ìyá Dárasími yọ ṣúgà jáde nínú báàgì. "Alhaji, ẹ gbé ife yín wá."

Alhaji fọwọ́ bo ife. "Lẹ́yìn ohun tọ́mọ yìí kà? Rárá o. Báyìí ni n ó ṣe mu ún." Ó dijú, ó gbé e mì káló, ara ẹ̀ gbọ̀n rìrì. "Hàbíbàt, jọ̀ọ́, tún ibi àwọn ìyàwó ilé yẹn kà."

Ọmọ mi tún un kà, ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n mọ́.

Ìgbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìrẹsì àti adìyẹ. A jẹ, a yó, oníkálukú di tiẹ̀ dání lọ sílé. Nínú ẹlifétọ̀ tó ń gbé wa ròkè, mo ṣì ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọrin: "Ó korò!"