Ilé Òṣùpá Tí Wọ́n Bí Ṣìkẹ́mi Sí

Ṣìkẹ́mi ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ìyá ìjọ ni Eunice, màmá tó bí i lọ́mọ. Àwòrán ìràwọ̀ lásán lára aṣọ lè mú un bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ gan-an ni Ṣìkẹ́mi sì gbé wá bá a nílé rẹ̀ ní Dacula, ní Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án yẹn.

Nikhil, ọmọ Íńdíà tí wọ́n jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lawrenceville, fẹ́ fẹ́ ẹ. Àmọ́ ìyá Nikhil ti fàáké kọ́rí, àfi kí òun mọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí Ṣìkẹ́mi. Wọ́n gbà nílé wọn pé ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni òṣùpá ní lójú ọ̀run, pé ó ń sun inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé èyí tó bá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí èèyàn ló ń sọ bí ayé onítọ̀hún ṣe máa rí. Bí ti ọkọ àti ti ìyàwó ò bá bára mu, kò sí ìgbéyàwó nìyẹn.

"Mummy, wọ́n ń béèrè exact time tí ẹ bí mi. Ẹ má bínú, I know we don't believe all that."

Màmá ò pariwo. Àwo ẹ̀wà tó ń ṣà ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀wà fọ́n ká ilẹ̀, kò sì wò ó.

"October kọ́ ni mo bí ẹ. September ni. Ọjọ́ tí bàbá ẹ kú."

Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún Ṣìkẹ́mi láti kékeré ni pé inú oyún lòun wà nígbà tí bàbá òun kú.

"Agbẹ̀bí nìkan ló mọ̀, òun ló ránṣẹ́ sí i pé mo ti bímọ. Ó ń sáré bọ̀ wá wò ẹ́ ni ọkọ̀ dànù. Mo mọ àwọn ẹbí ẹ̀. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ burúkú lo fi wọlé ayé. Mo gbé ẹ pa mọ́ títí wọ́n fi sin ín, mo wá ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ ni."

"Ẹ wá ń jẹ́ kí n máa gé kéèkì lọ́jọ́ ọlọ́jọ́?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni mo bí ẹ, bí oòrùn ṣe ń wọ̀." Màmá bú sẹ́kún. "Mo fi pa mọ́ kẹ́nikẹ́ni má bàa fi dá ẹ lẹ́jọ́. Ìwọ lo wá fẹ́ lọ gbé e fún wọn."

Nígbà tó dé ilé àwọn òbí Nikhil ní Lilburn, Ṣìkẹ́mi ì bá sọ October, kó sì rọrùn fún un. Ṣùgbọ́n inú ń bí i, irọ́ sì ti sú u. Ó sọ ọjọ́ náà gan-an, ó sọ wákàtí rẹ̀, ó sì sọ ikú bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Nikhil tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ó ka ohun tó jáde.

"Mula," ló wí.

Ojú Nikhil fà ro. Bàbá rẹ̀ rọra gbé ife tíì kalẹ̀. Nikhil ló wá ṣàlàyé pẹ̀lú ohùn kékeré: ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí nígbà tí òṣùpá wà nílé tó ń jẹ́ Mula, wọ́n ní bàbá ọkọ rẹ̀ kì í pẹ́ kú.

Ó wá yé Ṣìkẹ́mi. Nílé, wọ́n á ní òun ló pa bàbá tòun. Níbí, òun ló máa pa ti Nikhil. Ó gbé báàgì rẹ̀.

"Ìyá ẹ fi pa mọ́ fún gbogbo èèyàn?" ìyá Nikhil béèrè.

"Fún èmi pàápàá."

Obìnrin náà da fóònù dojú bolẹ̀. "Ìyá tèmi náà pa tèmi mọ́. Mula ni wọ́n bí mi sí."

Ẹnu ọkọ rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò gbọ́ ọ rí.

"Bàbá tìrẹ sì gbó, ó tọ́," ìyàwó rẹ̀ sọ fún un. Ó wá na fóònù náà sí Ṣìkẹ́mi. "Bá mi pe ìyá ẹ."