Wáyà Tí Ramlat Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Lọ́dún 1997, mọ́ṣáláṣí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Houston gba kọ̀ǹpútà mẹ́fà fún àwọn ọmọ iléèwé wọn. Ramlat, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Westchase, ní òun yóò so wọ́n pọ̀, òun yóò sì fọwọ́ ara òun ṣe wáyà rẹ̀. Alhaji Abdulhafeez, alága wọn, kò gbà.

"Ramlat, èyí tí wọ́n ti ṣe parí ni kí o rà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í tàsé."

Ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó rà á. Àmọ́ orí ike tó wà lẹ́nu wáyà náà kò gba inú ihò ògiri kọjá, onílé tí wọ́n háyà ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n fẹ ihò náà sí i.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

Ó fa wáyà tí kò lórí gba inú ihò, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e. Ó to okùn tín-ín-rín mẹ́jọ inú rẹ̀ bí àwọ̀ wọn ṣe tẹ̀ léra, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó fi ẹ̀mú fún un pa. Èyí àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, torí okùn méjì ṣi ipò. Ó gé orí náà dànù, ó tún un ṣe. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Alhaji kọjú sí àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa. A ò rà á. Ramlat tiwa ló ṣe é."

Ramlat tẹjú mọ́lẹ̀, àmọ́ orí rẹ̀ wú.