Ariwo Iwájú Ọkọ̀ Alameen

Gbogbo àdúgbò Ailegun ló mọ̀ pé èmi Àyàntúndé kì í tú ọkọ̀ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Màá ní kí ọlọ́kọ̀ wà á gba orí gálọ́ọ̀pù, ojú títì gbágungbàgun iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, màá dijú, màá sì pe orúkọ àìsàn náà. Bùràímọ̀, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní awúrúju ni. Ìlara ń dà á láàmú.

Àfi ìgbà tí Alameen, ọmọ àdúgbò Mafoluku tó ń ta fóònù, gbé ọkọ̀ eré ìje kan dé: ilẹ̀kùn méjì péré, pupa bí ata rodo, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Bó bá ti bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, iwájú rẹ̀ á dún gbà!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí o," ló wí. "Mi ò lè sáré. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń yà mí sílẹ̀!"

Mo dijú, mo ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. A pààrọ̀ rẹ̀. Gbà! Mo ní búṣìn ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Gbà! Nígbà tí mo fi dé orí ṣọ́ọ̀kù, Bùràímọ̀ ti gbé àga síta láti wòran. Inú bí mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Níkẹyìn mo tú bọ́ńpà láti fojú wò, bíi mẹkáníìkì tí ò mọṣẹ́. Àgádágodo ńlá kan ni wọ́n tì mọ́ irin inú rẹ̀. Mo gé e, mo fi í sápò, mo sọ fún Alameen pé irin kan ló yọ. Ṣé kó wá gbọ́ pé àgádágodo ló dójú tì mí ni?

Ó gba orí gálọ́ọ̀pù: kẹ́kẹ́ pa. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ iná mọ́lẹ̀, eruku nìkan ló kù lójú títì. Obìnrin tó ń yan àgbàdo fò sẹ́yìn, ó ń ṣépè. Èmi ń jó. Bùràímọ̀ gbé àga rẹ̀ wọlé.

Lọ́sàn-án, ìyá Alameen dé, omijé lójú.

"Àyàntúndé, ọmọ mi sáré kọjá, mi ò gbọ́ gbà kankan. Ta ló ní kó o yọ àgádágodo mi? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàjọyọ̀ ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n ń da omi sí táyà rẹ̀, ni mo tì í mọ́bẹ̀. Àlùfáà ti gbàdúrà sí i. Mo fi ti ẹnu jàǹbá ni."

"Ẹ má bínú, mà. Òun ló ń pariwo. Kò jẹ́ kí ọmọ yín lè sáré."

Ó wò mí bí ẹni wo òpè. "Ṣé eré ló yẹ kó sá ni? Eré ló pa bàbá ẹ̀. Alameen nìkan ló kù mí kù."

Mo rántí eruku àárọ̀, àyà mi já.

Mo pe Alameen pé kó padà wá, mo gbàgbé láti de nọ́ọ̀tì kan. Ìyá rẹ̀ ti mú àgádágodo tuntun wá, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí Alameen ṣe dé, tó lọ kí ìrun alásárì, ni mo tì í mọ́ irin.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o!" ló wí bó ṣe gba orí gálọ́ọ̀pù.

Mo dijú. Bùràímọ̀ ti gbé àga jáde. "Wọ́n bí àìsàn yìí mọ́ ọn ni, àbúrò. Mi ò mọ̀ ọ́n wò. Má ṣáà sáré, kí táyà iwájú má lọ yọ."

Bùràímọ̀ ti sọ ọ́ káàkiri Ìsọlọ̀ pé etí mi ti di. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín yá ju ikú ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ Alameen tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀: gbà, gbà, jẹ́jẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú rẹ̀.