Ìsinmi Tó Gbé Ewoma Lọ

Tí ìsinmi gígùn bá ti dé ní Ajégúnlẹ̀, ìwé a máa ṣí kúrò lórí àwọn ọmọ bí aró tí kò mu aṣọ. Ràbíátù mọ èyí dáadáa, torí pé Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ilé-ìwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí Boundary. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ tó ti ń kàwé geere kí wọ́n tó gba ọlidé a padà wá lóṣù kẹsàn-án, wọn a máa he ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. Àwọn kan ti fi gbogbo ìsinmi kiri ọjà. Àwọn kan ti wà ní Coconut, níbi tí tírélà ń tò sí, wọ́n ń ta omi fún àwọn dírẹ́bà tírélà. Àwọn mìíràn kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni títí ọjọ́ fi ń lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ní òun ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá Álífà Wàhábì, ẹni tó ni ilé-kéú tó wà nítòsí ilé rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀, torí pé ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ kéú ń wá. Álífà bi í bóyá àwọn ọmọ onígbàgbọ́ wà nínú wọn. Ràbíátù ní àwọn ló tiẹ̀ pọ̀ jù. Álífà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣáà máa bọ́ bàtà sílẹ̀ níta.

Kì í ṣe lẹ́sìnnì tí wọ́n ti ń na ọmọ lẹ́gba. Wọ́n gbé ike kan tí wọ́n gé lórí sí àgbàlá kó máa gba òjò, láràárọ̀ ọmọ kan á ti rúlà bọ̀ ọ́, á sì sọ bí òjò àná ṣe pọ̀ tó. Wọ́n máa ń rìn lọ sí Coconut lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára tírélà, tí wọ́n bá sì padà dé, wọ́n á wá ibi tí ẹrù náà ti wá lórí máàpù tí Ràbíátù lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní kí kálukú kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe ohun tó ń tà. Àwọn ọmọ tó ń sá fún ìwé ní kíláàsì wá bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé ju òun alára lọ.

Ewoma wà nínú wọn. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó ga, kò sì fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀. Urhobo ni àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, Yorùbá sì dá ṣáká lẹ́nu wọn. Eucharia ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní Marine Beach. Akpos bàbá rẹ̀ ń tún tírélà ṣe ní Coconut.

Lọ́jọ́ kan, Ràbíátù ní kí Ewoma dìde kàwé. Ó dìde, ó gbé ìwé sókè, ó sì ka ìtàn ọkùnrin kan tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sétí odò, láìkọsẹ̀ rárá. Inú Ràbíátù ń dùn. Àfi ìgbà tó gba ẹ̀yìn ọmọ náà kọjá tó rí i pé ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ti ọlọ́gẹ̀dẹ̀ páàpáà. Ìtàn tí Somto, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kà lánàá ni Ewoma ń kà láti inú orí ara rẹ̀.

 Nígbà tí àwọn yòókù túká, Ràbíátù dá Ewoma dúró, ó fi ìka sórí lẹ́tà kan, ó ní kó pè é. Ewoma tẹjú mọ́lẹ̀.

"Àǹtí, mo máa ń mọ̀ ọ́n, tí ẹlòmíì bá ti kọ́kọ́ kà á."

Láti kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń jókòó ti ẹni tó mọ̀wé. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í jábọ́ lórí rẹ̀, bó ṣe ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, láàárín ọmọ tó kún bí eṣú, tí olùkọ́ kan kò sì fura. Ràbíátù rántí pé òun náà ti kọ́ ọ fún ọdún kan gbáko.

Láti ọjọ́ náà, tí àwọn yòókù bá ti lọ, àwọn méjèèjì á ṣẹ́ kù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yorùbá ni Ràbíátù fi bẹ̀rẹ̀ fún un, torí pé lẹ́tà Yorùbá kì í tan èèyàn jẹ: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é. Ohun tó nira jù ni pé Ewoma kò lè ṣe kó má méfò. Tó bá ti rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ti fò dé ìparí. Nítorí náà, Ràbíátù á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìyókù ọ̀rọ̀ náà, á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì, ọmọ náà á sunkún. Á nu ojú, á sì tún tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ, ó ka ojú ewé kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà sí i létí. Ó pẹ́ kó tó kà á tán. Kò fò sókè, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ṣí ojú ewé kejì, ó sì ń bá a lọ. Eucharia fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ràbíátù pé àwọn oníbàárà ti ń kùn, torí pé Ewoma kì í jẹ́ kí wọ́n fi bébà wé ẹja mọ́ àfi tó bá kà á tán.

Kò pẹ́ sígbà náà ni jáàkì yọ̀ lábẹ́ tírélà kan tí Akpos ń tún ṣe. Itan rẹ̀ ló fọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e padà sílé fún àwọn tó ń to egungun. Eucharia wá di ẹni tó ń wẹ ọkọ, tó ń bọ́ ọmọ mẹ́ta, tí iná ẹja sì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan tó jẹ́ ìbátan Akpos, tó ń gbé ní Port Harcourt, wá kí aláìsàn, tòun ti ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Ewoma bá òun lọ bá òun gbé ọmọ.

Eucharia wá sí ilé-kéú láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Tíṣà, mo wá dágbére Ewoma fún yín. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Tí ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé, á padà dé."

Ràbíátù fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sọ fún un nípa àwọn ọmọ tó ti mọ̀ tí wọ́n bá ọlidé lọ báyìí tí kò sẹ́ni tó tún rí wọn ní kíláàsì. Ó ní ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ ni, tí wọ́n bá já a gbà báyìí, á bọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

Eucharia fi ìka kà á fún un.

"Ẹ̀yin, ọkọ yín, ọmọ mẹ́ta, yàrá kan. Ibo lẹ fẹ́ kó sùn sí? Tíṣà, mi ò ta ọmọ mi. Ibi tó ti máa jẹun ni mò ń wá fún un."

 Ewoma ti dúró síbi òpó, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ràbíátù wọlé lọ mú ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà lọ́wọ́, ó fi í sí ọmọ náà lọ́wọ́. Ewoma bi í bóyá Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ pátákó ní Port Harcourt.

"Rárá," ni Ràbíátù wí, "àmọ́ lẹ́tà kan náà ni. Má bẹ̀rù."

Nígbà tí wọ́n wọlé lóṣù kẹsàn-án, ọmọ tó bá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ álífà, èèyàn á ti fi ìwé kíkà rẹ̀ dá a mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ọ̀gá ilé-ìwé yin Ràbíátù lójú gbogbo olùkọ́. Ó dúpẹ́, ó sì jókòó. Ewoma ò dé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, Ràbíátù gba Marine Beach lọ.

Eucharia wà nídìí ẹja. Ó ní obìnrin náà ṣèlérí pé òun á fi Ewoma sílé-ìwé lọ́hùn-ún. Ó pè é lórí fóònù, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbé fóònù fún Ewoma, ó wá na tirẹ̀ sí Ràbíátù. Ohùn Ewoma lọ sílẹ̀. Ràbíátù bi í bóyá ó ń lọ sílé-ìwé. Ó ní ọmọ ọwọ́ náà kì í sùn láàárọ̀. Ìwé ìtàn ńkọ́? Ó ní ọmọ náà ti fà á ya, ṣùgbọ́n òun ti ka gbogbo ohun tó wà lára agolo mílíìkì rẹ̀, àní èyí tí wọ́n kọ wínníwínní nísàlẹ̀, bí òun ò tiẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ti wọlé?"

"Wọ́n ti wọlé."

"Ẹ bá mi kí wọn."

Obìnrin náà gba fóònù rẹ̀. Eucharia yí ojú sí èéfín, ó ń yí ẹja tí kò tíì tó yí padà.

Ó tó ọdún méjì kí Ewoma tó padà. Akpos kò lè rìn jìnnà mọ́, ìyá kò rí ẹni fi aláìsàn sílẹ̀ fún kó lè lọ mú un wá. Nígbà tí ọmọ tó lọ ń gbé tó ẹni tó ń lọ sílé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n sọ pé kò sí iṣẹ́ fún un mọ́, wọ́n sì fi í sínú ọkọ̀ Èkó.

Oṣù keje ni, Ràbíátù sì tún ti ṣí lẹ́sìnnì. Ó rí ọmọge kan tó bọ́ bàtà sílẹ̀ níta tó di ọwọ́ ọmọbìnrin kékeré kan mú. Kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ewoma kúnlẹ̀ kí i. Ó ní Peculiar, àbúrò òun, ló ń wọ JSS lọ́dún yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó máa gbọ́ ìwé lẹ́nu ẹlòmíì."

Ràbíátù ní òun ti bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ látìgbà tóun ti gbọ́ pé Ewoma dé, wọ́n á gba òun náà sí JSS kejì. Ó na ọwọ́ sí orí ẹní, ó ní kó jókòó. Ewoma wo àwọn ọmọ tó wà lórí ẹní, kò sí èyí tó dé èjìká rẹ̀ nínú wọn. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì tẹ́lẹ̀ ti ń múra ìdánwò àtiwọ SS.

"Iná ìyá mi ti ń jó, Àǹtí," ló wí. "Àwọn oníbàárà ń dúró."

Ó fi Peculiar sílẹ̀ níbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó sì gba ọ̀nà Marine Beach lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ràbíátù dúró síbẹ̀ títí ọmọ kan fi pè é pé rúlà ti wà nínú ike, kó wá wo bí òjò àná ṣe pọ̀ tó.